Omi Ẹ̀gẹ́ Lórí Ilẹ̀ Dídùn

Kí ẹ̀rọ tó sọ̀rọ̀ ni imú Ìbíwùmí ti sọ tirẹ̀. Ilẹ̀ náà ń rùn bí ibi tí wọ́n ti ń fún gàrí. Kì í ṣe òórùn gàrí yíyan, èyí tó ń mú kí itọ́ yọ lẹ́nu èèyàn. Òórùn omi ẹ̀gẹ́ ni, omi tó ń ro jáde lára àpò tí wọ́n gbé òkúta lé, tó bá sì ti lo ọjọ́ díẹ̀, á máa gún èèyàn nímú. Ó dúró sáàárín oko àgbàdo ní Ìgbóyangí, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sí ẹni tó ń fún ẹ̀gẹ́ níbì kankan. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

Atọ́lẹ̀wò, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kò ga ju ewúrẹ́ lọ, ti ki ahọ́n irin rẹ̀ bọ inú ilẹ̀. Ó kùn díẹ̀, ó dákẹ́, ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fún un ní Ìlú Alájà sọ pé:

"Ìwọ̀n kíkan rẹ̀, mẹ́rin. Ilẹ̀ yìí kan. Kò yẹ ní bíbó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi kí n fi ránṣẹ́."

Ní etí oko, Abólẹ̀ dúró, ó ga ju ilé lọ, abẹ rẹ̀ sì fẹ̀ tó ojú ọ̀nà. Òun ló ń bó ilẹ̀ dúdú kúrò lórí ilẹ̀ pupa bí ẹni ń bó èèpo iṣu, tí ó ń kó o lọ sí Ìlú Alájà, níbi tí wọ́n ti ń gbin oúnjẹ sórí àjà tó gun ara wọn lórí. Kò lè gbé abẹ rẹ̀ sílẹ̀ bí Atọ́lẹ̀wò kò bá ní kó gbé e sílẹ̀, Atọ́lẹ̀wò kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ bí ọmọ Àjọ Erùpẹ̀ kò bá fọwọ́ sí i. Ìbíwùmí ni ọmọ Àjọ. Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò.

"Ẹ̀rọ ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá," ni Àkànjí wí, ọkùnrin olóko náà. Ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ dídùn, ẹ bó o. Ilẹ̀ kíkan, ẹ fi í sílẹ̀ fún olóko. Ẹ̀yin lẹ kọ òfin, àwa kọ́. Ẹ fọwọ́ sí i kí ẹ máa lọ, oòrùn ti mú."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi àgúnmaníyè, ó ń fi ọmọ ọlọ fọ́ ìkarahun ìgbín. Kò gbójú sókè. Gbogbo abúlé ló ń pè é ní Ìyá Àkànjí, ojú rẹ̀ sì jẹ́ ojú ẹni tó ti rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Àjọ tó wá tó sì lọ.

Bí ó bá jẹ́ pé wọ́n fi ọgbọ́n díẹ̀ ṣe é ni, bóyá inú kì bá bí Ìbíwùmí tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìkòkò tí omi ẹ̀gẹ́ ṣì kù sínú wọn wà lẹ́yìn ògiri, ewé kókò ni wọ́n fi dé wọn lórí. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù, wọ́n ti da tiwọn síwájú lóòótọ́, wọ́n kàn gbàgbé pé ọmọ Àjọ náà ní imú ni.

"Ẹ fún mi ní ọkọ́," ni Ìbíwùmí wí.

Ẹ̀rín kúrò lójú Àkànjí. "Kí lẹ fẹ́ fi ọkọ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gbẹ́lẹ̀."

"Ahọ́n ẹ̀rọ ti tọ́ ọ wò. Àwọn tó wá ṣáájú yín kò gbẹ́ nǹkan kan."

"Lókè ni ahọ́n rẹ̀ mọ. Nígbà òjò tó ń bọ̀, ẹ̀rọ mìíràn ń bọ̀ tí ahọ́n rẹ̀ gùn ju apá mi lọ. Ṣé ẹ máa da omi ẹ̀gẹ́ dé abẹ́ yangí ni?"

Ìyá Àkànjí dáwọ́ ìkarahun fífọ́ dúró. Àkànjí lọ mú ọkọ́ wá, ó sì jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀ dípò kó fi lé e lọ́wọ́.

Ìbíwùmí gbẹ́ ẹ. Ìbínú ló fi gbẹ́ ẹ. Ó ti mọ ohun tó yẹ kí òun bá, nítorí kò sí abúlé tí kò tíì gbẹ́lẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọ iṣẹ́ Àjọ. Ilẹ̀ dúdú á kọ́kọ́ wà lókè, níbi tí ewé ti ń jẹrà tí ekòló ti ń rìn. Dúdú yẹn á máa ṣá díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí òjò máa ń gbé amọ̀ sọ̀kalẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yangí, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ pátápátá ni àpáta tó ń jẹrà, tí èèyàn lè fi èékánná họ. Ìpele kan máa ń wọnú èkejì ni, kò sí ibi tí èèyàn á ti tọ́ka pé ibí ni ọ̀kan parí sí.

Ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ dúdú náà lọ sísàlẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì dúró gbọn-in lórí yangí bí ìdérí lórí ìkòkò. Kò sí àárín. Nínú dúdú náà, Ìbíwùmí rí ìkarahun ìgbín, ó rí èédú, ó rí àfọ́kù ìkòkò, ó rí egungun ẹja wẹ́wẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú kòtò, ó sì fi ọwọ́ ra ojú ààlà náà.

"Ta ló kó ilẹ̀ yìí wá síbí?" ó bi wọ́n. Ohùn rẹ̀ le. Ẹni tí wọ́n bá mú pé ó jí ilẹ̀ gbé láti ìlú kan lọ sí òmíràn, ẹ̀wọ̀n ni.

"Kò sí ẹni tó kó o wá," ni Ìyá Àkànjí dáhùn láti ibi tó jókòó sí. "A dá a ni."

"Ìyá, ẹ má bínú, èèyàn kì í dá ilẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ? Ìlú Alájà?" Ìyá náà dìde, ó fi ọwọ́ gbọn ìyẹ̀fun ìkarahun kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì wá dúró lókè kòtò. "Nígbà tí Abólẹ̀ kọ́kọ́ wá, mi ò tíì wọlé ọkọ. Yangí ló fi sílẹ̀ fún wọn. Àgbàdo kò hù, èpò gan-an kò hù. Ìyá ọkọ mi ló ní kí wọ́n mú ọmọ odó irin, kí wọ́n máa gún yangí. Ó ń jẹ́ Ẹfúnyẹmí. Wọ́n ń gún un, wọ́n ń da ewé lé e, wọ́n ń da ìgbẹ́ ewúrẹ́ lé e, wọ́n ń da eérú èèpo kòkó lé e kó má kan. Wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àgúnmaníyè yìí ló kọ́kọ́ gbà láti hù. Ìyàwó ilé mìíràn, ẹrù aṣọ ló ń gbé wọlé ọkọ. Tiwa níbí, agbọ̀n ìgbẹ́ jíjẹrà ni. Èmi gbé tèmi lórí láti abúlé bàbá mi, mo sì ń sunkún ìtìjú títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ìyàwó tó wọ ilé yìí ló gbé e, kí wọ́n tó fún un lómi mu."

Ní Àgọ́ Ọ̀pẹ, níbi tí wọ́n ti bí Ìbíwùmí, Abólẹ̀ ti bó ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ọmọ Àjọ tó wá lọ́jọ́ náà ní kí bàbá rẹ̀ fọkàn balẹ̀, pé ilẹ̀ mìíràn á hù láàárín ọdún díẹ̀. Ilẹ̀ wo ló ń hù bí irun? Òkúta ní láti jẹrà kí ilẹ̀ tó wà. Òjò á nà án, oòrùn á sán an, gbòǹgbò á wá ọ̀nà wọ inú rẹ̀, ewé á jábọ́ lé e á rà, ekòló á gbé e mì á sì tú u jáde. Ẹni tó bá fẹ́ rí ìwọ̀n ìka kan péré, àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ ni kó rán pé kí wọ́n bá òun wò ó. Bàbá rẹ̀ jókòó ti yangí yẹn títí ó fi kú. Ìbíwùmí sì lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Àjọ, nítorí ibẹ̀ nìkan ni oúnjẹ wà. Inú ń bí i sí Àjọ, inú ń bí i sí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yìí gan-an, àwọn méjì tó wà níwájú rẹ̀ ni inú ń bí i sí jù.

Ó fa igi àgbàdo kan tu. Ewé rẹ̀ pọ́n, etí ewé náà ti ń pupa bí ẹni tí iná jó. Gbòǹgbò rẹ̀ kúrú, orí wọn wú, wọ́n dúdú.

"Ẹ wò ó," ó ní. "Ẹ wo ohun tí ẹ ṣe. Níbo ni ekòló inú ilẹ̀ yìí wà? Mo gbẹ́ ìgbọ̀nwọ́ kan, mi ò rí ẹyọ kan. Tí ilẹ̀ bá kan tó báyìí, oúnjẹ á wà nínú rẹ̀, gbòǹgbò ò ní lè mú un. Ọdún mélòó lẹ ti ń da omi ẹ̀gẹ́ sí i?"

"Ìgbà gbogbo tí ẹ bá ń bọ̀," ni Àkànjí dáhùn. "Tí ẹ bá ti lọ, a ó da eérú àti ìkarahun lílọ̀ sí i, á tún dùn. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ẹ ní ẹ ń bọ̀, ẹ ò wá. Ẹ tún ní ẹ ń bọ̀, ẹ tún ò wá. A sì ń da omi."

"Ẹ sì ń da omi! Ẹ fẹ́ kí Abólẹ̀ má pa á, ẹ wá ń fi ọwọ́ ara yín pa á."

"Kí lo fẹ́ ká ṣe?" Àkànjí ti gbé ohùn sókè, ọ̀wọ̀ sì ti bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Ká jẹ́ kó dùn kí ẹ wá kó o? Ìwọ tó o wọ ẹ̀wù Àjọ, tó ò ń jẹ oúnjẹ orí àjà, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa tọ́jú ilẹ̀ ìyá bàbá mi? Bí ó bá kan, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá dùn, ẹ gbé e lọ. Ó dáa, sọ fún mi. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Òótọ́ ni Àkànjí sọ, òótọ́ náà sì dun Ìbíwùmí. Bí òun bá fọwọ́ sí i pé ó kan, wọn á tún máa da omi títí ilẹ̀ náà á fi kú, àfi bí ẹ̀rọ aláhọ́n gígùn bá kọ́kọ́ dé, tó tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò tó bá a pé ó dùn. Bí òun bá ní ó dùn, Abólẹ̀ ò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú.

Ọ̀nà kan ṣì kù. Inú òfin Àjọ ló wà, ṣùgbọ́n kò sí olóko tó ti gbà á rí. Àwọn olówó Ìlú Alájà tó ń po ilẹ̀ nínú agbada irin ló jà fún un, kí Àjọ má baà fọwọ́ kan tiwọn: ilẹ̀ tí ọwọ́ èèyàn bá dá, kì í ṣe ti Àjọ. Tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kankan ò tún ní tọ́ ọ wò mọ́ láéláé.

Ó tẹ agbóhùn tó wà létí rẹ̀, ó sì pe ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gá Ṣówándé.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo wà ní Ìgbóyangí. Ilẹ̀ dídá ni mo bá níbí."

Ọ̀gá Ṣówándé rẹ́rìn-ín. "Ilẹ̀ dídá lóko? Oorun ń kùn ọ́ ni?"

"Mo ti gbẹ́ ẹ, sà. Ojú yangí ló jókòó lé. Kò sí ìpele àárín. Ọwọ́ èèyàn ló wà nínú rẹ̀."

"Ó nípọn tó kí ni?"

"Ìgbọ̀nwọ́ kan."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Nígbà tí Ọ̀gá Ṣówándé tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó ti di ohùn ọkùnrin tó rí nǹkan he.

"Ṣó o mọ̀ pé ilẹ̀ inú agbada àwọn olówó kì í pé ọdún méjì kó tó kú? Pẹ̀lú gbogbo owó wọn, wọn ò dá èyí tó nípọn tó àtẹ́lẹwọ́ rí. Fi ilẹ̀ yẹn sílẹ̀, Ìbíwùmí. Kọ ọ́ pé ilẹ̀ dídá ni. Ẹni tó dá a ni kó o gbé wá. Ta ni?"

"Ẹ ní kí n gbé e wá, sà?"

"Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo ní kó o gbé wá. Ti Àjọ nirú ẹni bẹ́ẹ̀. Abólẹ̀ ní iyàrá lẹ́yìn, kí o fi í síbẹ̀. Mò ń dúró."

Ìbíwùmí bo agbóhùn náà mọ́lẹ̀ kí ohùn má baà wọnú rẹ̀, ó sì sọ fún wọn bí ó ṣe gbọ́ ọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò. Àkànjí bú Ọ̀gá Ṣówándé, ó bú ìyá tó bí i, ó wá yíjú sí Ìbíwùmí.

"Ìwọ lo pè é. Wọ́n ń wá ilẹ̀, o lọ fi èèyàn hàn wọ́n. Kí wọ́n kúkú bó o. Kí wọ́n bó gbogbo rẹ̀, kí ìyá mi wà nílé."

"Pa ẹnu dé," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ti ń tún ìró rẹ̀ ró. "Mo ti dàgbà. Ìgbà mélòó ló kù tí mo fẹ́ lò? Jẹ́ kí n bá wọn lọ, kí ilẹ̀ dúró. Ọmọbìnrin, sọ orúkọ mi fún un."

"Ìyá, ẹ ò mọ̀ wọ́n," ni Ìbíwùmí wí. "Wọn á tì yín mọ́ inú iyàrá kan, wọn á da òkúta síwájú yín pé ẹ dá ilẹ̀ kí òjò tó tún rọ̀. Tí ẹ ò bá lè dá a, wọn á padà wá mú ọmọ yín. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó rẹ̀."

Ọ̀gá Ṣówándé ń pè é létí. Atọ́lẹ̀wò tún sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín lé mi," bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìbíwùmí wo igi àgbàdo pípọ́n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ìkòkò ẹ̀yìn ògiri. Lẹ́yìn náà ló tú ọwọ́ kúrò lórí agbóhùn.

"Mo ti bi wọ́n, sà. Ẹni tó dá a ti kú. Ẹfúnyẹmí lorúkọ rẹ̀. Òun àti àwọn ìyàwó ilé ìgbà náà ni. Ibí yìí náà ni wọ́n sin ín sí."

"Àwọn tó kù ńkọ́? Àwọn ọmọ rẹ̀? Wọn á ti kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Wọn ò kọ́ nǹkan kan, sà." Ó kọjú sí Àkànjí bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ó rò pé kò yẹ kí òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Aláìmọ̀ ni wọ́n. Ilẹ̀ tí wọ́n jogún, wọn ò mọ iyì rẹ̀. Omi ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń dà sí i. Wọ́n dà á títí ekòló fi kú tán. Àgbàdo wọn ò ní gbó lọ́dún yìí. Ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ sọ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, mẹ́rin ló pè é. Ṣé ẹni tó mọ ilẹ̀ dá ló máa ṣe irú èyí?"

Àkànjí ti di ọwọ́ rẹ̀ ní ìkúùkù. Iṣan ọrùn rẹ̀ ń lù. Ìyá rẹ̀ dì í mú ní ọwọ́ aṣọ, kò sì jẹ́ kó sún mọ́ kòtò.

"Omi gàrí," ni Ọ̀gá Ṣówándé wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, tọkàntọkàn lọ́tẹ̀ yìí. "Omi gàrí lórí ilẹ̀ dídá! Mo máa ń wí fún wọn ní ìpàdé, wọn kì í gbọ́. Èèyàn oko kò mọ̀ ju kó ba nǹkan jẹ́ lọ." Ó gbà á gbọ́ láìbéèrè nǹkan mìíràn. Ohun tó ti gbà gbọ́ nípa wọn tẹ́lẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó ń yẹ irú rẹ̀ wò. "Kọ ọ́ pé ilẹ̀ dídá, kọ ọ́ pé ẹni tó dá a ti kú, kó o máa bọ̀. Àwọn ará Ìlodò ń retí rẹ lọ́la. Wọ́n ní tiwọn dùn dáadáa."

"Mo gbọ́, sà."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé Atọ́lẹ̀wò. Ó pe orúkọ Ẹfúnyẹmí fún un, ẹ̀rọ náà sì pè é tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Ní etí oko, Abólẹ̀ gbé abẹ rẹ̀ sókè, ó yíra padà tìpátìpá, ó fọ́ ògiri kan létí ọ̀nà, ó sì kọjú sí ọ̀nà Ìlodò.

Ìbíwùmí gun òkè láti inú kòtò. Kò sí ẹni tó na ọwọ́ sí i. Ó fi ọkọ́ da yangí padà sísàlẹ̀, ó da ilẹ̀ dúdú lé e lórí, ó sì rọra fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí ẹni tó dúpẹ́, òun náà kò sì retí ọpẹ́. Nígbà tó ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ lójú ọ̀nà, ó gbọ́ ohùn Àkànjí lẹ́yìn.

"Ó pè mí ní aláìmọ̀ nínú oko mi, lójú ìyá mi. Ó ní àwa la ba ilẹ̀ jẹ́."

"Ṣé irọ́ ló pa?" ni Ìyá Àkànjí bi í.

Àkànjí lọ sẹ́yìn ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ìkòkò náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí yangí ojú ọ̀nà, níbi tí nǹkan kan ò ti lè hù, ló ń da omi wọn sí.